Ìnira Ọkàn, Ipò Àwùjọ àti Ìlera: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìwòsàn Àrùn Ọpọlọ ní Aró, Abẹ́òkúta

1. Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti mọ̀ pé ohun tí ó bá ń da ọkàn láàmú kò ní ṣàì kan ara. Bí ẹnìkan bá ń rù, tí ibà kò sì ṣe é, ìbéèrè tí àwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé kí ni ó ń rò. Bí obìnrin bá ṣòfò ọmọ, wọn kì í fi òun nìkan sílẹ̀ nínú yàrá. Àwọn ìbátan yóò wá bá a sùn fún ọjọ́ mélòó kan, wọn yóò sì máa dá a lára yá. Ìmọ̀ tí ó wà nídìí irú ìṣe báyìí kò sí nínú ìwé kankan nígbà náà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ni. Ó gbà pé àwùjọ lè mú ènìyàn ṣàìsàn, ó sì gbà pé àwùjọ kan náà lè wò ó sàn.

Ibi tí ìmọ̀ yìí àti ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ti pàdé ní gbangba ni Aró, ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta, láàrin ọdún 1954 sí 1963. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni ìtàn ìpàdé náà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó fẹ́ dáhùn. Èkíní, kí ni ó mú Aró yàtọ̀ sí àwọn ilé wèrè tí ìjọba amúnisìn ti kọ́ ṣáájú rẹ̀? Èkejì, kí ni ìwádìí tí a ṣe ní àyíká rẹ̀ ní 1961 fi hàn nípa bí ipò àwùjọ ṣe ń kan ìlera? Ẹ̀kẹta, níbo ni agbára ẹ̀rí náà mọ? Ìbéèrè kẹta yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti yin Aró láìbi í ní ìbéèrè kankan.

2. Ilé Wèrè Kí Ó Tó Di 1954

Ilé tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún àwọn alárùn ọpọlọ ní Yaba, ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1907. Ìhámọ́ ni a torí rẹ̀ kọ́ ọ ju ìwòsàn lọ. Ẹni tí ó bá ń da ìgboro rú ni ọlọ́pàá ń mú lọ síwájú adájọ́, adájọ́ ni yóò sì ní kí wọ́n tì í mọ́lé. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1916 lórí ọ̀rọ̀ àwọn wèrè fi ẹsẹ̀ ìṣe yìí múlẹ̀. Nígbà tí Robert Cunyngham Brown yẹ irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ wò ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1938, kò fi bò pé ipò wọn kò dára. Síbẹ̀, ilé mìíràn tí ìjọba ṣí ní Láńtòrò, Abẹ́òkúta, ní 1944, inú ọgbà tí ó ti jẹ́ ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀ ni ó wà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú ni a mú kúrò láàrin àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, tí a fi sáàrin àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí a sì ń retí pé kí ọkàn rẹ̀ tòrò.

Kò yẹ kí a rò pé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ nìkan ni ìrọ̀rùn wà nígbà náà. Òótọ́ ni pé wọ́n ní oògùn tí ó ṣiṣẹ́. Egbò igi asofẹ́yẹjẹ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò láti mú kí wèrè sùn, jẹ́ ìbátan igi kan ní Íńdíà tí àwọn onímọ̀ rí oògùn reserpine fà yọ nínú rẹ̀ ní 1952, oje kan náà sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé oníṣègùn ni ṣẹkẹṣẹkẹ wà, tí wọ́n sì ń na aláìsàn ní pàṣán. Ohun tí ilé oníṣègùn fi ju ilé ìjọba lọ ni pé ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n aláìsàn lè wà nítòsí, pé èdè kan náà ni wọ́n jọ ń sọ, àti pé oníṣègùn yóò bèèrè ẹni tí ó bá aláìsàn jà àti ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kí àrùn náà tó dé.

3. Àríyànjiyàn lórí Orísun Àrùn

Ní àkókò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹni tí àwọn aláṣẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù lórí ọkàn ọmọ Áfíríkà ni J. C. Carothers, òyìnbó tí ó ti ṣe alákòóso ilé ìwòsàn Mathari ní Nairobi, ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Nínú àròkọ kan tí ó kọ ní 1951, ó fi ọmọ Áfíríkà wé òyìnbó tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní iwájú ọpọlọ. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Lára ohun tí ó sọ níbẹ̀ ni pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà, nítorí pé wọn kì í di ẹ̀bi ru ara wọn.

Àléébù ńlá kan wà nínú ọ̀nà tí irú iye bẹ́ẹ̀ gbà wá. Àwọn tí ó wà ní ilé wèrè ni a kà. Ẹni tí ó bá ń sọ òkò lọ́jà ni a ń gbé lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sínú ilé, tí kò lè jẹun, tí kò lè sùn, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, ta ni yóò pe ọlọ́pàá sí i? Àìrí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Mathari kò fi hàn pé kò sí i ní abúlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ̀dá ọpọlọ ọmọ Áfíríkà ni ó fa ìṣòro rẹ̀, ìjọba kò jẹ̀bi ohunkóhun, ilé ìhámọ́ sì tó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà gbé ayé ni, a jẹ́ pé owó-orí, iṣẹ́ àṣekú, ìṣíkúrò nílé àti ìdójútì wà lára ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ kejì yìí ró ni Thomas Adéoyè Lámbò. Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní 1923. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School ní ìlú náà, ó gboyè dókítà ní Yunifásítì Birmingham ní 1948, ó sì tún kọ́ ẹ̀kọ́ ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nínú àròkọ kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1955, ó ṣe àlàyé pé àṣà àti irú ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ní ni ó ń fún àmì àrùn ní àwọ̀ rẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá. Kò wo ìran gẹ́gẹ́ bí orísun àrùn. Ìgbésí ayé aláìsàn ni ó wò.

4. Ètò Abúlé ní Aró

Ní 1954 ni Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró. Ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kò tíì parí. Ẹlòmíràn ì bá ti dúró kí ògiri tó parí kí ó tó gba aláìsàn. Ohun tí Lámbò ṣe ni pé ó lọ bá àwọn baálẹ̀ abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé.

Ìlànà ètò náà kò ṣòroó sọ. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dá wá: ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìbáà ṣe ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ẹlòmíràn nínú ẹbí. Ìbátan yìí ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn ní àárọ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti gba oògùn àti àwọn ìtọ́jú mìíràn tí ó wà ní ilé ìwòsàn òyìnbó ní ìgbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò padà sí abúlé. Àwọn ará abúlé ń gba owó yàrá, ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti fi kún ilé wọn, omi ẹ̀rọ àti ìmọ́tótó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kan nínú wọn sì rí iṣẹ́ ṣe ní ilé ìwòsàn.

Kókó yìí tọ́ sí àkíyèsí. Ètò náà kò gbára lé àánú nìkan. Ó fi èrè sí i, ó sì jẹ́ kí abúlé rí i pé àlejò tí a gbà kì í ṣe ẹrù. Lámbò tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sí iṣẹ́ kí wọ́n máa ṣe ìrànwọ́ nínú ìtọ́jú, pàápàá nínú ohun tí ó jẹ mọ́ àjọṣe àwọn aláìsàn pẹ̀lú ara wọn àti pẹ̀lú ẹbí wọn. Àwọn dókítà kan ta ko èyí. Lámbò kò gbà pé gbogbo ohun tí oníṣègùn ń ṣe ni ó tọ̀nà. Ohun tí ó gbà ni pé oníṣègùn mọ ohun tí aláìsàn ń bẹ̀rù, àti pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí aláìsàn ń bẹ̀rù kò lè mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

5. Ìwádìí ti 1961

Bí ètò abúlé ṣe ń lọ, ìbéèrè kan ṣì kù: ǹjẹ́ ẹ̀rí wà pé ipò àwùjọ ni ó ń pọ̀ sí àrùn ọkàn tàbí tí ó ń dín in kù? Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní agbègbè kan ní Nova Scotia, ilẹ̀ Kánádà, èyí tí ó fi orúkọ ìbòjú pè ní Stirling. Ní 1961, òun àti Lámbò pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe irú ìwádìí kan náà ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn abúlé Ẹ̀gbá. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1963. Ọdún 1961 yìí kan náà ni ìpàdé àkọ́kọ́ ti àwọn dókítà àrùn ọpọlọ ní gbogbo Áfíríkà wáyé ní Abẹ́òkúta.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yàtọ̀ pátápátá sí ti Carothers. Wọn kò dúró sí ilé ìwòsàn kí aláìsàn wá bá wọn. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ẹnikẹ́ni kò pè ní aláìsàn. Bákan náà ni wọ́n yẹ ipò abúlé kọ̀ọ̀kan wò: ṣé àwọn olórí rẹ̀ ní àṣẹ? Ṣé ẹgbẹ́ wà? Ṣé ìdílé dúró déédéé, àbí ó ti fọ́nká? Ṣé òṣì ti wọlé, tí ìjà àti olè sì pọ̀? Ṣé àwọn ènìyàn ṣì gba ohun kan náà gbọ́?

Àbájáde mẹ́ta nínú rẹ̀ ni ó kan iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ní àwọn abúlé tí àjọṣe ti dàrú, àmì àìsàn ọkàn pọ̀ ju ti àwọn abúlé tí àjọṣe ṣì dúró lọ. Bí ó ti rí ní Kánádà náà nìyẹn. Èkejì ni pé, lápapọ̀, àwọn tí ó hàn gbangba pé wọ́n ní àìsàn ọkàn kò pọ̀ láàrin àwọn Yorùbá tó bí wọ́n ti pọ̀ ní Stirling. Ẹ̀kẹta ni pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà dáadáa. Àwọn tí a bi léèrè kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó dúró fún un, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹ̀ka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àìrí oorun sùn, àìlè jẹun, ẹkún, àárẹ̀, àìní ìfẹ́ sí ohunkóhun. Báyìí ni ọ̀rọ̀ Carothers ṣe wó ní ibi tí ó gbẹ́kẹ̀ lé jù.

6. Ọ̀ràn Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Kì í ṣe abúlé nìkan ni ìnira ọkàn ti ń sọ̀rọ̀. Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1950, kọ àròkọ kan ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná tàbí tí nǹkan ń rìn lórí bí wọ́n bá ti ṣí ìwé. Ojú wọn a máa ṣú, ohun tí wọ́n kà kì í sì í dúró lọ́kàn wọn. Àlàyé Prince ni pé irú ẹ̀kọ́ òyìnbó, tí ó ń béèrè kí ènìyàn dá kàwé, kò bá ọ̀nà tí a gbà tọ́ wọn mu.

Àlàyé yìí kò jìnnà púpọ̀ sí èrò pé ìwé kò yẹ ọmọ Áfíríkà. Nínú àkọsílẹ̀ Prince fúnra rẹ̀, ohun mìíràn hàn tí ó lágbára jù: gbogbo ẹbí ni ó ń dáwó jọ fún ọmọ kan. Bàbá ta kòkó, ẹ̀gbọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kún un, àwọn àbúrò sì ń dúró kí tiwọn náà tó kàn. Bí ọmọ náà bá kùnà nínú ìdánwò, kì í ṣe òun nìkan ni ó kùnà. Ènìyàn ni aṣọ ẹni lóòótọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó bá wúwo jù lè mú ẹni tí ó wọ̀ ọ́ láàgùn. Níhìn-ín ni a ti rí i pé ẹbí tí ó jẹ́ oògùn ní Aró lè jẹ́ ìdí àrùn ní ibòmíràn.

7. Bí Ìnira Ọkàn Ṣe Ń Di Àrùn Ara

Nígbà tí Lámbò ń ṣiṣẹ́, ìmọ̀ nípa ọ̀nà tí ìnira ọkàn ń gbà wọ ara ti ń gbilẹ̀. Ní 1915, Walter Cannon ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé bí ẹ̀rù ṣe ń mú kí ara múra ìjà tàbí sísá: oje adrenaline yóò tú jáde láti ara kókó tí ó wà lórí kíndìnrín, àyà yóò máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ yóò sì ru. Ní 1936, Hans Selye ní Kánádà fi hàn lára eku pé bí ìnira bá pẹ́ jù, ìmúrasílẹ̀ tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ara ni yóò máa ba ara jẹ́. Ara tí a dá láti sá fún ẹkùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò lágbára láti máa sá fún onígbèsè fún ọdún mẹ́wàá.

Ìwádìí kan tí Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1997 mú ọ̀rọ̀ yìí padà sí àárín Yorùbá. Ó lé ní 10,000 ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò, lára wọn ni àwọn ará Ìbàdàn àti Ìgbó-Ọrà, àwọn ará erékùṣù Kàríbíà, àti àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà ní itòsí Chicago. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Kàríbíà, ó jẹ́ 26. Ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ 33. Ọ̀kan náà ni orísun àwọn ènìyàn wọ̀nyí, òwò ẹrú ni ó tú wọn ká. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kò ṣeé dá lé ìran nìkan. Ìsanra àti iyọ̀ wà lára ohun tí ó fà á, kò sì tọ́ kí a di gbogbo rẹ̀ ru ìnira ọkàn. Síbẹ̀, ipò tí ènìyàn ń gbé ni ó ń pinnu ohun tí ó ń jẹ, iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti ohun tí ó ń bẹ̀rù.

8. Ibi tí Agbára Ẹ̀rí Aró Mọ

Ohun mẹ́rin ni kò yẹ kí a gbójú fò. Èkíní ni pé àwọn ọdún tí ètò abúlé bẹ̀rẹ̀ gan-an ni chlorpromazine, oògùn àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ gidi lórí wèrè, ń tàn káàkiri ayé láti 1952. Abúlé àti oògùn jọ ṣiṣẹ́ ni, kò sì rọrùn láti pín ọpẹ́ láàrin wọn.

Èkejì ni pé ẹni tí ó ní ìbátan tí ó lè bá a wá nìkan ni abúlé gbà. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀, tí ó ń rìn ìhòòhò ní títì, kò sí nínú rẹ̀. Bí àwọn tí ó wà ní abúlé bá sàn ju àwọn tí ó wà nínú ọgbà lọ, ó lè jẹ́ abúlé ni ó wò wọ́n sàn. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn tí ẹbí wọn kò kọ̀ sílẹ̀ ni ó ní ìrètí ìwòsàn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìbátan náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá aláìsàn jókòó fún oṣù mélòó kan fi oko tàbí ọjà sílẹ̀ ní ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbé ètò náà ró, ṣùgbọ́n aláìsàn ni ìtàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe òun. Yorùbá ní wèrè dùn ún wò, kò dùn ún bí. Ìlera ìyá tí ó bí i kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin ni pé àwùjọ kọ́ ni ìdí gbogbo àrùn. Jane Murphy, tí ó wà nínú ìwádìí ti 1961, kọ àròkọ kan ní 1976 nínú èyí tí ó fi hàn pé ohun tí Yorùbá ń pè ní wèrè àti ohun tí àwọn ará Alaska ń pè ní orúkọ tiwọn jọra púpọ̀: gbígbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, bíbá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, àìmọ́tótó. Àrùn tí ó rí bákan náà ní ibi méjì tí àṣà wọn jìnnà sí ara wọn tó báyìí ní ìdí kan nínú ara. Ohun tí àwùjọ lágbára lé lórí ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn lẹ́yìn náà. Èyí gan-an ni ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí schizophrenia, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 ní ibùdó mẹ́sàn-án, tọ́ka sí. Àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti Agra ní Íńdíà padà bọ̀ sípò ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní àwọn ìlú ńlá Yúróòpù lọ. Àríyànjiyàn lórí ìdí rẹ̀ kò tíì tán.

9. Àgbálọgbábọ̀

Lámbò di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, ó di ọ̀gá àgbà rẹ̀ ní 1968, ó sì di igbákejì olùdarí àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé, àjọ kan náà tí ó ti tẹ ìwé Carothers jáde. Ó kú ní 2004. Òfin wèrè tí ó ní gbòngbò nínú ti 1916 ṣì wà lórí ìwé títí di ìgbà tí a fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023. Ó gba orílẹ̀-èdè náà ní ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin láti ìgbà tí Lámbò kọ́kọ́ bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀ títí di 2020, ó sì tún kù díẹ̀, kí ìwé òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ohun tí abúlé ti mọ̀ rìn.

Ohun tí ìtàn Aró kọ́ ni pé ìnira ọkàn ní orísun nínú ayé tí ènìyàn ń gbé, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ wo aláìsàn sàn gbọ́dọ̀ bèèrè ta ni ó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́ni pẹ̀lú pé àwùjọ kì í ṣe oògùn ọ̀fẹ́. Ẹnìkan ni ó ń dáná, ẹnìkan ni ó ń fọṣọ, ẹnìkan ni ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí ẹbí gbé ẹrù aláìsàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tirẹ̀ náà sí i, bí ilé ìwòsàn ti ṣe nígbà tí ó fi omi àti owó ìkọ́lé ránṣẹ́ sí àwọn abúlé Aró. Níbi tí ọwọ́ yẹn bá ti kúrò, ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn lónìí lè di aláìsàn lọ́la.